Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Alágbàfọ̀ Gbọ́ Lódì

Ṣáàtì funfun kan ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ṣáàtì akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni, ọkùnrin kan tó máa ń gbé aṣọ wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tó sì fẹ́ kí ọrùn ṣáàtì rẹ̀ le bíi páálí. Ìyá Alágbàfọ̀ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ́n omi sí i, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọ́. Ohun tó tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn. Aṣọ ti ń jóná. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí irin náà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nígbà tó máa gbé e kúrò, àpá pupa rúsúrúsú ti wà lẹ́yìn ṣáàtì, ó ṣe ṣónṣó sókè bí orí áyọ́ọ̀nù gan-an.

Ó ní, “Mo sùn lọ ni.” Òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn: ta ní ń sùn lórí ìdúró, tí ipénpéjú rẹ̀ kò sì pàdé?

Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń fọ aṣọ tó sì ń lọ ọ́, kò sì jó aṣọ rí, àfi ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jà. Ọkọ náà ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọkùnrin, ló kó o wá sí ìlú yìí, ìlú tó jẹ́ pé Òyìnbó ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, ní ọsibítù àti nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà gba yàrá fún un lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ra tábìlì gígùn àti áyọ́ọ̀nù tuntun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ìyá rẹ̀, torí iṣẹ́ ajórinmọ́rin ló ń ṣe. Ó ní, “Màámi, ẹ fara dà á, n ó máa pè yín ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.” Ó sì ń pè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méje ló ní, ọjọ́ kan péré ni ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí Ìyá Alágbàfọ̀ bá ti ọjà dé, tó ṣílẹ̀kùn, ó máa ń sọ pé “Ẹ kúulé o,” fún àwọn aṣọ tó fi kọ́ ara ògiri, á sì fi ohùn mìíràn dáhùn pé “Ẹ káàbọ̀.” Òyìnbó tó gbọ́ kò ju èyí tí oníbàárà nílò lọ: sítáàṣì, háńgà, ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣé, ẹ má bínú. Àwọn oníbàárà náà á gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ bóyá ó ní ọmọ tàbí kò ní. Òun ní tirẹ̀ mọ ẹni tó ń sanra nínú wọn, ó mọ ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń já, ó mọ ẹni tí kò sùn sílé.

Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ èdè rẹ̀ fún un láàárín ọ̀sẹ̀ ni rédíò. Ní gbogbo Ọjọ́rú, láago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n máa ń ṣe eré kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, eré ìdílé kan tó ń jà sí ilé bàbá wọn. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń so wáyà rédíò náà fún un ló kọ́ ọ pé apá kọ̀ọ̀kan eré náà ni Òyìnbó ń pè ní “episode”. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Bí oníbàárà bá wọlé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, á na ìka sí rédíò, á ní, “Episode! Episode!” oníbàárà á sì mọ̀ pé kí òun má sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ti ṣáàtì akọ̀wé, nǹkan náà kò dúró mọ́. Ó jó aṣọ tábìlì kan. Omi tó gbé kaná gbẹ tán nínú kẹ́tù, òun sì dúró tì í. Lọ́jọ́ kan, ó ń gbọ́ eré rẹ̀, ìyàwó inú eré náà ń bẹ ọkọ rẹ̀, kò sì pẹ́, kò pẹ́ rárá, ni ọkọ náà ń sunkún. Kí ló pa á lẹ́kún? Ibẹ̀ ti gé kúrò, bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ̀rù wá bà á. Kò bẹ̀rù ikú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ibìkan wà tí òun ń lọ, tí òun ń bọ̀, tí òun ò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bo àrùn mọ́ra, àrùn náà ni yóò fi í hàn: ọmọbìnrin kan gbé aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìdánwò iṣẹ́ wá, Ìyá Alágbàfọ̀ sì jó o láyà. Ọmọ náà ò bínú. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ń wo aṣọ náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ò ní èdè tó máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ má bínú,” ní Òyìnbó, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú òun fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ọsibítù.

Dókítà jẹ́ ọkùnrin onígíláàsì tó ń rìn kíákíá. Kò gbọ́ èdè rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kò gbọ́. Wọ́n pe ọmọ lórí fóònù, wọ́n gbé fóònù sáàárín tábìlì, kí ó máa túmọ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ ní, “Sọ fún un pé mo máa ń lọ. Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá pa iná yàrá, tí wọ́n tún tàn án.”

Ọmọ sọ gbólóhùn kúkúrú kan ní Òyìnbó.

“Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?”

“Màámi, wọ́n ń dúró dè mí níbi iṣẹ́. Mo ní ó ń rẹ̀ yín, pé ẹ máa ń gbàgbé nǹkan. Dókítà ní—” Ìlà sì já. Wọ́n tún un pè, kò lọ. Èrò ń pọ̀ níta, ọmọdé ń ké, nọ́ọ̀sì ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà wojú Ìyá Alágbàfọ̀, ó wá rọra bi í ní ìbéèrè gígùn kan. Gbogbo rẹ̀ ṣàn kọjá bí omi, àfi ọ̀rọ̀ kan tó dúró gbagidi láàárín rẹ̀. Episode! Dókítà ń bi í ní “episode” mélòó.

Ẹ wo bí inú rẹ̀ ti dùn tó! Ó rò pé eré orí rédíò òun ni dókítà ń bi òun. Ó nà ró lórí àga. Ó ní, “Wednesday. One.”

“Every Wednesday?”

“Yes. Three o'clock.”

Dókítà gbójú sókè. Ó fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀, ó bi í bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Ìyá Alágbàfọ̀ ka ìka rẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta. “Thirty minutes.” Ó tún rántí nǹkan kan, ó mi orí: “Holiday, no.” Nítorí wọn kì í ṣe eré náà lọ́jọ́ ọlidé.

Dókítà ya ẹnu, ó pa á dé. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó gba èsì kan náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àìsàn tó ń múni fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ó kọ oògùn líle fún un, lárọ̀ọ́ àti nírọ̀lẹ́.

Oògùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kí á sọ òótọ́, kò pa á, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di àpò gaàrí. Ó ń fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn. Á jókòó láti so okùn bàtà, á sùn lọ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Aṣọ ń gòkè lórí àga, àwọn oníbàárà ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ wọn kì í sì tíì ṣe tán. Èyí tó dùn ún jù ni pé ní gbogbo Ọjọ́rú, rédíò á máa sọ̀rọ̀, òun á ti sùn lọ, ìdílé inú eré sì ń bá ìjà wọn lọ láìsí òun. Nǹkan náà gan-an kò sì lọ. Ó jó àpò pìlóò méjì.

Lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà. Òun nìkan ló gbọ́ èdè wa nínú wọn. Nígbà tó wá gba kóòtù rẹ̀, tó rí i pé obìnrin náà ń fi ògiri rìn, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sí kíláàsì wa láàárọ̀ Sátidé, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Òyìnbó ni mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ó kéré tán, ẹ ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀.”

“Orí mi ti gbó ju ìwé lọ, Tíṣà.”

“Èmi tí mò ń kọ́ yín ńkọ́? Ṣé orí tèmi ń hù ni?” Ó ṣí fìlà rẹ̀, orí ń dán. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Mẹ́jọ ni wọ́n nínú kíláàsì náà, gbogbo wọn ló sì gbọ́ èdè wa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí kò lè ṣe kó má dá àpárá, obìnrin kan tó ń tún bàtà àti báàgì ṣe ní ìkòríta náà wà níbẹ̀, Aránbàtà ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn, kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí Ìyá Alágbàfọ̀ débẹ̀ ni Tíṣà nu pátákó, tó ní òun fẹ́ kọ́ wọn ní ìran ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní, “Ohun mìíràn, bó bá ti dé, ó dé náà nìyẹn, kò ní gé. Òmíràn sì wà tí á dé, á dúró, á tún dé. Tàbí kí apá kan ṣáájú, kí apá kejì tẹ̀ lé e. Òyìnbó fún oríṣi kọ̀ọ̀kan lórúkọ.” Ó kọ “stage”, ó ní ìpele ni, bí ẹni ń kọ́lé, ìpìlẹ̀ kó tó kan òrùlé. Ó kọ “phase”, ó ní ìgbà kan tó máa kọjá ni, bí ìgbà tí ọmọ bá ń ṣagídí. “Instalment” ni ìtàn tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. “Interval” ni àlàfo tó wà láàárín apá kan àti èkejì. “Series” ni kí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn.

Awakọ̀ nawọ́. “Tíṣà, ìbínú ìyàwó mi, series ni àbí phase?”

“Bó bá máa kọjá, phase ni.”

“Ha! Series ni nígbà náà.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá kọ “episode”. Inú Ìyá Alágbàfọ̀ dùn, ó nawọ́ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́. “Mo mọ ìyẹn! Apá kan eré orí rédíò ni.”

“Ẹ káre, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì ní ìlò kejì. Bí àìsàn bá ń dé síni, tó ń lọ, tó tún ń dé, dídé kọ̀ọ̀kan rẹ̀, episode náà ni dókítà ń pè é.”

Ọwọ́ obìnrin náà ṣì wà lókè. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

“Tíṣà, ẹ tún un wí.”

Ó tún un wí. Ìyá Alágbàfọ̀ rọra dìde. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn: dókítà, fóònù tó já, Ọjọ́rú, aago mẹ́ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó dé ibi “Holiday, no,” awakọ̀ ti dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Tíṣà pàápàá ń fi aṣọ ìnu-pátákó nu ojú, ẹfun sì bo imú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Aránbàtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń jáde, ó sún mọ́ ọn, ó bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, oògùn yẹn, ẹ ṣì ń lò ó?”

Ìgbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ délé, ẹ̀rín náà ti tán. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Kì í ṣe nítorí àṣìṣe náà. Ó ń rò ó pé, ká ní ẹnìkan ṣoṣo wà nínú yàrá yìí pẹ̀lú òun, ẹni náà ì bá ti sọ fún dókítà pé irọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ gbólóhùn mẹ́fà sínú ìwé, Tíṣà sì bá a tún un ṣe. Kò pe ọmọ rẹ̀. Ó wọlé lọ bá dókítà, ó di ìwé mú bí ọmọ ilé ìwé, ó sì kà á jáde: kì í ṣe Ọjọ́rú nìkan, kì í ṣe aago mẹ́ta, rédíò ni mò ń sọ. Dókítà tẹ́tí. Nígbà tó yé e, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bo ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀bẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀. Ó dín oògùn náà kù lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun tó lè yan èyí tó tọ́, òun ní láti mọ bí nǹkan náà ṣe rí. Kí ni ó máa ń ṣe? Ìṣẹ́jú mélòó? Ta ló ń bá a gbé? Ta ló ti rí i rí?

Ìyá Alágbàfọ̀ mọ ìdáhùn yìí ní Òyìnbó láìwo ìwé. “Nobody,” ló wí.

Dókítà ní kó wá ẹnìkan.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ta ni ènìyàn máa lọ bá, tí á ní, jọ̀wọ́, wá jókòó kí o máa wò mí títí tí n ó fi kúrò nínú ara mi? Ó kan ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀; ìyàwó ilé yẹn ń lọ síbi iṣẹ́, ó ti bọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá rò pé aṣọ ló wá gbà, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ fún un. Kò lè ṣàlàyé, ó gba kóòtù, ó sì fọ̀ ọ́. Ìtìjú mú un fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ sí ìkòríta, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Aránbàtà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. “Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán,” ló wí, ó ń fa okùn já pẹ̀lú eyín. “N ó gbé iṣẹ́ mi wá.”

Bó ṣe di pé àwọn obìnrin méjì ń jókòó nínú yàrá kan náà nìyẹn, ọ̀kan ń lọ aṣọ, èkejì ń rán báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aránbàtà kì í ṣe ẹlẹ́nu. Wákàtí kan lè kọjá kó tó sọ pé, “Awọ yìí kò dáa.” Ṣùgbọ́n ìró abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ikọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì tó tó ènìyàn méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lójú Aránbàtà, ara ló ń yá. Ìyá Alágbàfọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ó jó aṣọ ìnura ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nǹkan náà dà bí ọmọ onítìjú tí kì í jáde bí àlejò bá wà nílé.

Ọjọ́bọ̀ kan wá, ó ń ròyìn ìyá rẹ̀ fún Aránbàtà. Ohun tó tún rí ni pé wọ́n ti gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ, Aránbàtà sì wà níwájú rẹ̀, aago lọ́wọ́.

“Ó ṣẹlẹ̀,” ni Aránbàtà wí.

Ìyá Alágbàfọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Sọ fún mi. Sọ gbogbo ẹ̀.”

“Ẹ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo pè yín, ẹ ò dáhùn. Ẹ ń jẹ ẹnu báyìí, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Ọwọ́ ọ̀tún yín ń ṣa bọ́tìnnì, ó ń ṣí i, ó ń dè é. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni.”

“Ìyẹn nìkan?”

Aránbàtà wolẹ̀. “Ẹ ń sọ pé, ‘Mò ń bọ̀.’ Ẹ sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo bi yín pé ta lẹ̀ ń dá lóhùn, ẹ ò gbọ́ mi.”

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó. Ọdún kan ni nǹkan yìí ti wà lára rẹ̀, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀. Ó rọra bi í pé, “Ojú mi ńkọ́? Ṣé ó burú?”

“Kò burú. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì.”

Aránbàtà tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù, àwọn méjèèjì pa Òyìnbó wọn pọ̀, ó sì tó. Dókítà ní oríṣi wárápá kan tí kì í gbéni ṣubú ni, ó kọ oògùn mìíràn, kékeré, aláwọ̀ omi ọsàn. Oṣù kan kọjá, aṣọ kankan kò jó. Oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ padà wá pẹ̀lú ṣáàtì funfun mẹ́rin. Eré Ọjọ́rú ń dé etí rẹ̀ lódindi.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ ní, “Màámi! Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ fún mi pé ó le tó bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ fún ọ. Ìlà ló já.”

 Ọmọ ní òun ń bọ̀ ní òpin ọdún, Ọlọ́run bá fẹ́. Ìyá náà ní kó má ṣe ìyọnu.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣọ́ ohun tó ti lọ. Nígbà tí dókítà ní kò sí nǹkan wíwò mọ́, Aránbàtà kó awọ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́,” ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà ti dá kíláàsì dúró fún ìsinmi gígùn. Ìyá Alágbàfọ̀ ra búrẹ́dì ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí. Yàrá náà dákẹ́ ju bó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ dá, kò sì sí ẹni tó ń wò ó tí á sọ pé ó dá.

Ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tó ti lọ aṣọ tán, ó gbé báàgì ọjà rẹ̀ sórí tábìlì. Báàgì tó dáa ni, kò ní yíya kankan. Ó wò ó títí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn rẹ̀ kan, ó sì gbé e lọ sí ìkòríta.

Aránbàtà gba báàgì náà, ó yí ojú ibi tó já síta, ó fi àtàǹpàkò kàn án. Ó gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu sísọ́ọ̀sì nìyí. Kò gbó.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí i,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

 Aránbàtà fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan jáde fún un láti abẹ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn tó bá àwọ̀ báàgì mu, ó rọra ń wá a, kò yára rárá.